Fóònù Há, Ìwà Yọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa alẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀gá Wáyà ti fóònù gbogbo àgbàlé wa mọ́ inú kíóòsì, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ? Ẹ ò tíì gbọ́? Ta ló wá ń ròyìn àdúgbò fún yín láti ọjọ́ yìí? Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí àwọn tí ò sí níbẹ̀ ti ń bu iyọ̀ sí i, wọ́n ní Alhaji onítakisí àgbàlé wa sunkún. Alhaji ò sunkún. Ohun tí Alhaji ṣe ju ẹkún lọ, màá sì sọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ ṣáà mọ Ọ̀gá Wáyà. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kíóòsì aláwọ̀ ewé lẹ́bàá kànga ní Òkè-Àdó níbí, tó fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn, tó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè àwìn. Bẹ́ ẹ bá gbé fóònù fún un, á ya páálí ìṣáná sí méjì, á kọ nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì, á fi rọ́bà so ọ̀kan mọ́ fóònù, á fún yín ní èkejì. Kò sọ fóònù ẹnikẹ́ni nù rí. Síbẹ̀, Tíṣà, ẹni tó ń gbé yàrá tó kángun sí balùwẹ̀, máa ń kọ nọ́ńbà páálí tirẹ̀ sínú ìwé, á tún kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan náà, torí bí ojú ewé iwájú bá ya ńkọ́? Mo ń bọ̀ wá sórí Tíṣà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lára Tíṣà.

Ohun tó sọ wá di oníbàárà Ọ̀gá Wáyà ni tiransifọ́má àdúgbò tó bú gbàù lálẹ́ ọjọ́ òjò kan. Àwọn oníná wá, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ká lọ dáwó jọ. Ẹ mọ bí ìdáwó ṣe máa ń rí: ẹni tó ní fìríìsà mẹ́ta á ní gílóòbù ẹyọ kan lòun ń tàn. A bá jókòó sínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ àgbàlé wa ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ ti Alhaji ni adìyẹ Ìyá Àgbà ilé wa ń yé sí. Láràárọ̀ la ó tò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Wáyà tàwa ti fóònù lọ́wọ́, tó bá dìrọ̀lẹ́ a ó tún tò lọ gbà á.

Àmọ́ ẹ ò lè gbádùn ìtàn yìí dáadáa bẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tí ìyàwó pásítọ̀ wa ti fi kọ́ àgbàlé yìí. Ṣé ẹ rí i, ní kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyàwó pásítọ̀ ló máa ń kọ́ wọn nípa ìwà àbínibí. Ìwé Tim LaHaye ni wọ́n ń lò, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ Spirit-Controlled Temperament lọ́dún 1966. Ta ni ò tíì gbọ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Nàìjíríà? Sanguine, alárìyá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Choleric, ẹni tó fẹ́ràn àtimáa pàṣẹ. Melancholy, onírònú tó ti ń sunkún ikú ẹni tí kò tíì ṣàìsàn. Phlegmatic, ẹni jẹ́jẹ́ tí nǹkan kì í kán lójú. Kì í kúkú ṣe LaHaye ló dá a sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, Hippocrates àti Galen, ti sọ ọ́ ṣáájú pé oríṣi omi mẹ́rin ló wà nínú ara èèyàn, ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú, pé èyí tó bá pọ̀ jù ló ń darí ìwà oníkálukú. Àwọn dókítà òde òní ò gba ti omi yẹn gbọ́ mọ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyàwó pásítọ̀, kẹ́ ẹ wá rí nǹkan!

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀kọ́ náà wálé, kò sẹ́ni tó tún ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí Ìyá Ẹlẹ́pà bá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ẹ ó gbọ́ lọ́ọ̀dẹ̀ pé sanguine ti dé. Alhaji, tí wọn kì í bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe nǹkan kan, gbọ́ ti choleric, wọ́n sì gbà á lóyè. Wọ́n ń fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ tó ń wa takisí máíkírà fún wọn. "Ṣé o mọ̀ pé choleric ni mí?" Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á wò yín sàn."

Ọmọ ilé wa kan wà tó ń ka saikọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Pròfẹ́sọ̀ la máa ń pè é, ó sì máa ń dáhùn. Òun ló ní ohun tá a ń sọ yẹn ti di ògbólógbòó. Ó ní oríṣi ìwà márùn-ún làwọn onímọ̀ ń wọ̀n báyìí, gbogbo wa la sì ní márààrún, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀ lára wa: bí ohun tuntun ṣe ń wu èèyàn tó, bó ṣe ń to nǹkan rẹ̀ létòlétò, bó ṣe fẹ́ràn àwùjọ, bó ṣe ń gba ti ẹlòmíì rò, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe máa ń yá láti dàrú. Ó ní iṣẹ́ àṣekágbá tóun ń ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń kó ẹ̀rù bá èèyàn bí kò bá sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rù wo nìyẹn?"

Ó ní àwọn Òyìnbó ti fún un lórúkọ, nomophobia ló ń jẹ́. Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ YouGov níṣẹ́ pé kí wọ́n bi àwọn ará ìlú wọn léèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń lo fóònù, 53 ló ní ọkàn òun kì í balẹ̀ bí fóònù bá sọnù, bí bátìrì tàbí owó orí rẹ̀ bá tán, tàbí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí. Àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. 58 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, ti obìnrin ò tó ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ létí ọkọ yín tó ń pariwo pé fóònù ló ba obìnrin ayé ìsinsìnyí jẹ́.

Ló bá yọ ìwé ìbéèrè jáde. Ogún ìbéèrè ni, Caglar Yildirim àti Ana-Paula Correia ní Yunifásítì Iowa State ní Amẹ́ríkà ló ṣe é jáde lọ́dún 2015. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, ìwọ á mú nọ́ńbà láti 1 dé 7 láti fi sọ bó ṣe bá ẹ mu sí. Ṣé àyà rẹ á já bí bátìrì bá tán? Ṣé wàá máa dààmú pé àwọn ẹbí ò ní rí ẹ bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá gba 20 lápapọ̀, ẹ̀rù kankan ò sí lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lọ sí 100 sókè, tirẹ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ìyá Ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ jókòó. Ẹ ò rí i, ọjà ló ń ná! "Méje ti pọ̀ jù, kọ márùn-ún fún mi, ṣùgbọ́n fún mi ní èènì níbi ìkẹta yẹn." Kò tíì dé ìdajì tí fóònù rẹ̀ fi dún, ó gbé e, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tíṣà ò gba bírò, pẹ́ńsù ló béèrè, torí bóyá òun á fẹ́ pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ títí ìwé fi lu, ó sì fi kọ́mà síbi tí kọ́mà yẹ kó wà nínú ìbéèrè. Alhaji ò tiẹ̀ jókòó. Wọ́n ní kí Pròfẹ́sọ̀ kọ 1 sí gbogbo rẹ̀, kó yéé fi àkókò wọn ṣòfò. "Fóònù ló ń bẹ̀rù mi. Èmi ò bẹ̀rù fóònù." Ogún gééré.

Ẹni tó kẹ́yìn ni Bàbá Ọlọ́dẹ, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ géètì wa lóru. Ẹ mọ fóònù wọn, alátọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi rọ́bà dì kí bátìrì má baà jábọ́. Ìbéèrè èyíkéyìí tí Pròfẹ́sọ̀ bá bi wọ́n, "Ó dáa bẹ́ẹ̀" ni.

"Bàbá, nọ́ńbà wo ni kí n kọ?"

"Èyí tó bá wù ẹ́, ọmọ mi."

Pròfẹ́sọ̀ kọ phlegmatic sétí ìwé, ó fa ìlà sí i nídìí. Òun náà tó ní ògbólógbòó ni!

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan. A dé ìdí kíóòsì nírọ̀lẹ́, àgádágodo la bá. Ìyá Àgbà tó jókòó sábẹ́ máńgòrò ló ṣàlàyé fún wa pé ọmọ kan sáré wá pe Ọ̀gá Wáyà, pé ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sáré lọ tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn wo? Ìyá Àgbà ò mọ̀. Ìgbà wo ló ń bọ̀? Ìyá Àgbà bi wá bóyá ó ní iye aago tí obìnrin fi ń bímọ.

Ìyá Ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ figbe ta. "Mo kú o! Gúrúùpù mi!" Ẹ mọ̀ pé gúrúùpù WhatsApp tí obìnrin yìí wà ò níye: ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ti ẹbí ìyá, ti ẹbí bàbá, ti ẹbí ọkọ tó ti fi sílẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ni alága ibẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ Ajé tí Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ káàkiri ayé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021? Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni. Obìnrin yìí pa fóònù, ó tàn án, ó ra dátà tuntun, ó yọ síìmù, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dá a padà. Tíṣà ní tirẹ̀ sọ pé ìjọba ló ti í pa. Ẹ má dá a lẹ́bi, Twitter wà ní títì ní Nàìjíríà nígbà yẹn, láti oṣù Kẹfà ọdún náà, oṣù Kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó ṣí i. Tíṣà fi aṣọ bo fèrèsé, ó ní ká má sọ̀rọ̀ sókè.

Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Ẹlẹ́pà. Ó figbe ta, gbogbo wa rò pé alẹ́ ọjọ́ yẹn á le fún un. Ẹ gbọ́ mi, káwọn Mùsùlùmí tó kírun alẹ́ tán ló ti gbé àpótí síwájú ìta, ó ń fẹnu ròyìn ìjà tó wà nínú gúrúùpù ẹbí ọkọ àtijọ́. Ó ń ṣe ohùn ìyàwó tuntun, ó ń ṣe ti ìyá ọkọ, ó ń ṣe ti ẹni tó kàn ń fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ tí kò dá sí i. A rẹ́rìn-ín títí àwọn ará òdìkejì fi wá bá wa. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tá a ti rí ojú obìnrin yìí nírọ̀lẹ́, torí fóònù ló máa ń wò. Nígbà tó sú u, ó wọlé, a sì ń gbọ́ híhanrun rẹ̀ lára ògiri. Òun ló kọ́kọ́ sùn nínú gbogbo wa.

Ó ya Pròfẹ́sọ̀ lẹ́nu díẹ̀, kò yà á púpọ̀. Ó ní nínú ìwádìí àwọn onímọ̀, ti àwọn tó fẹ́ràn àwùjọ ò dúró sójú kan: ibì kan á ní ẹ̀rù náà ń mú wọn, ibòmíì á ní rárá. Ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ kì í sábà yí padà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń yára dàrú, òun ni ẹ̀rù náà máa ń mú jù. Ẹni tó ń to nǹkan létòlétò, tirẹ̀ máa ń ṣẹ́ pẹ́rẹ́.

Tíṣà wá ńkọ́, tó ń to nǹkan létòlétò, tí ọkàn rẹ̀ sì ń dàrú létòlétò? Ẹ wò ó bó ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbá itan rẹ̀ pàá, ó ki ọwọ́ bọ àpò. "Ó ń gbọ̀n!" Kí ló ń gbọ̀n? Ó yọ ọ́ jáde: kọ́kọ́rọ́ kan àti ṣọ́ọ̀kì méjì. Kò pẹ́, pàá, ó tún gbá a. Mo ti fẹ́ lọ pe ìyàwó pásítọ̀ wá gbàdúrà fún un, Pròfẹ́sọ̀ ló ní kì í ṣe wèrè o, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe, ara tó ti mọ́ fóònù nínú àpò á máa gbọ́ gbígbọ̀n tí kò sí. Tíṣà ò gbọ́ àlàyé. Ó ti ń ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀: bí kíóòsì bá jó ńkọ́? Bí ọ̀gá ilé ìwé bá pe òun ńkọ́? Bí ẹnì kan bá wọlé síbẹ̀, tó fi fóònù òun wọ́ owó òun nínú báńkì ńkọ́?

Ẹ má rín in jù. Ó fẹ́ ra àbẹ́là lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí náírà kan lápò rẹ̀. Àbí ẹ ti gbàgbé bá a ṣe jìyà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó tí owó tuntun ò sì sí níta? Àtìgbà yẹn ló ti mọ́ wa lára ká máa fi fóònù sanwó ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ há, owó rẹ̀ náà há nìyẹn. Ìyá Àgbà ló yá a ní àbẹ́là, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kọ gbèsè náà sára ògiri.

Ó wá kan Alhaji. Ẹ gbé omi mu.

Alhaji ni wọ́n kọ́kọ́ ní fóònù nínú àgbàlé yìí. Ọdún 2001 ni, oṣù Kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká onísíìmù wọ Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo wáyà NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, jákèjádò orílẹ̀-èdè kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Bàbá mi máa ń fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ ni. Alhaji fi fóònù náà sínú àpò aláwọ lára bẹ́líìtì, wọ́n á sì rìn gba iwájú ilé kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó jáde. Náírà 50 niléeṣẹ́ fóònù ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, bó o sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, náírà 50 náà ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ Glo dé lọ́dún 2003 tó ní iye ìṣẹ́jú àáyá tẹ́nì kan bá fi sọ̀rọ̀ ló máa san, inú Alhaji dùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń bú awakọ̀, bú bàbá rẹ̀, tí wọ́n á tún béèrè owó ọjọ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Títí dòní, wọn ò fi ìkánjú yẹn sílẹ̀: tí wọ́n bá parí, wọn kì í sọ pé ó dàbọ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ làwọn awakọ̀ máa ń pè wọ́n láti jíhìn. Aago mẹ́jọ lù. Alhaji pàṣẹ pé kí Tíṣà fọ́ àgádágodo náà. Tíṣà ní ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Wọ́n pàṣẹ fún Bàbá Ọlọ́dẹ. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọn ò sì dìde. Wọ́n pàṣẹ fún èmi. Èmi kẹ̀! Wọ́n wá pàṣẹ fún àgádágodo fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, wọ́n sì ń pe àwọn awakọ̀ wọn lórúkọ síta, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú òkùnkùn Ìbàdàn. "Mo ní kó o wá jíhìn!" Ajá kan dáhùn láti Òkè-Bọlá. Ẹni tó gba 20 nínú ìdánwò nìyẹn o!

Télọ̀ òdìkejì, tí fóònù rẹ̀ ṣì ní iná díẹ̀, ló ṣàánú wa. Ó ka nọ́ńbà tó wà lára ìlẹ̀kùn, ó pe Ọ̀gá Wáyà. Gbogbo wa dákẹ́. Fóònù Ọ̀gá Wáyà dún, inú kíóòsì ló ti ń dún. Ó ti ti tirẹ̀ náà mọ́bẹ̀!

Ẹ wá wo àgbààgbà. Dípò ká túká, Alhaji ní kí télọ̀ bá àwọn pe tiwọn, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó dún. Gbogbo wa gbé etí lé pákó kíóòsì, à ń gbọ́ ọ. Tíṣà ní kí wọ́n pe tòun náà. Ó dún, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. A tò, ẹ gbọ́ mi, a tò sórí ìlà, kí oníkálukú lè gbọ́ ohùn fóònù rẹ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí iná fóònù télọ̀ tán ló wá bi wá pé kí ló dé tá ò kúkú pe àwọn èèyàn wa tààrà. Hẹn? A wo ara wa lójú. Alhaji ò mọ nọ́ńbà awakọ̀ kan. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin, nọ́ńbà àkọ́bí mi, 080 ni mo mọ̀. Ìyá Àgbà nìkan ló rẹ́rìn-ín, torí nọ́ńbà ọmọ wọn gbogbo wà lára ògiri ilé ìdáná, èédú ni wọ́n fi kọ ọ́, gàgàrà. Wọ́n pe ti Abẹ́òkúta, wọ́n kí i, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, iná fóònù télọ̀ tán.

Àárín òru ni mo jáde lọ tọ̀. Mo rí ẹnì kan tó jókòó sílẹ̀, tó fẹ̀yìn ti kíóòsì. Bàbá Ọlọ́dẹ ni. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ fóònù wa ni, mo fẹ́ kí wọn kú iṣẹ́. Nígbà náà ni fóònù kan dún nínú kíóòsì, dídún fóònù kékeré àtijọ́, kírin-kírin. Bàbá yí ojú sí pákó, wọ́n ní, "Mo wà níbí, ọmọ mi. Mo ń gbọ́ ẹ." Ó dún tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Má bínú. Kò sí wàhálà. Iná ni."

Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá yìí lọ́mọ obìnrin kan ní Manchester? Èmi ò mọ̀, èmi tí kì í sí ohun tí mi ò mọ̀! Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Nígbà ooru wọn lọ́hùn-ún, aago wọn àti tiwa máa ń dọ́gba. Bí àwọn arúgbó rẹ̀ bá ti sùn, á pe bàbá rẹ̀ tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ kí oorun má baà gbé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún tó ti lọ, wọn ò pa òru kan jẹ. Mo jókòó tì wọ́n díẹ̀. A ò sọ nǹkan kan, ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Wáyà dé, bàtà ẹsẹ̀ kan náà lẹ́sẹ̀. Ìbejì! Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Alhaji tó ti kó èébú jọ láti ìdájí gbé gbogbo rẹ̀ mì, wọ́n sì ṣèlérí owó fún àwọn ọmọ. Ó ṣí kíóòsì, kálukú gba tirẹ̀. Ti Ìyá Ẹlẹ́pà kò yéé dún títí ó fi di ọ̀sán. Àwọn awakọ̀ Alhaji ti tètè lọ sùn, owó wọn pé, kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe. Alhaji sì binú sí ìyẹn gan-an. Tíṣà ṣí tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Lẹ́yìn ìpè tí télọ̀ pè, kò sẹ́ni kankan tó wá a. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló kọ̀wé sí i pé dátà rẹ̀ ń tán lọ. Ìyá Ẹlẹ́pà ló káàánú rẹ̀ tó fi fi í sínú gúrúùpù ẹbí ọkọ àtijọ́, kó lè máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Pròfẹ́sọ̀ gbé ìwé ìbéèrè dé lẹ́ẹ̀kejì. Alhaji lé e. Bàbá Ọlọ́dẹ gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ní kó kọ 1 sí gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ẹbí tí ò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. "Síbẹ̀ yẹn, kọ méje. Ṣé kò sí mẹ́jọ?" Pròfẹ́sọ̀ pa phlegmatic rẹ́. Tèmi ni pé ìwà àbínibí ló ń sọ bí ariwo èèyàn ṣe máa pọ̀ tó bí fóònù bá há, ẹni tó ń pè é ló ń sọ bó ṣe máa dùn ún tó. Kó lọ kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ló lè ka nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ lórí nínú yín? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ kọ ọ́ sára ògiri lónìí. Lọ́jọ́ ìkómọ àwọn ìbejì, ẹ má wá lọ́wọ́ òfo, kẹ́ ẹ sì mú owó ìdáwó tiransifọ́má yín dání, torí tiyín ṣì kù nílẹ̀.